Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Fi Wíńtà Ṣe Ẹ̀mbírọ́dà àti Kúíltì Nínú Ilé Títí Tó Fi Máa Parí

Látìgbà tí òtútù ti dé ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé ṣáá: "mo fẹ́ kọ́ ẹ̀mbírọ́dà, mo sì tún fẹ́ rán kúíltì, èwo ni kí n kọ́kọ́ mú, ṣé mo tiẹ̀ lè parí ẹ̀ kí wíńtà tó kásẹ̀ nílẹ̀?" Èmi á ní kẹ́ ẹ mú méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣe ẹ̀mbírọ́dà sára ègé aṣọ mélòó kan, kẹ́ ẹ wá rán wọn mọ́ àwọn ègé tó kù, kó di kúíltì kékeré kan tó máa bo orúnkún yín dáadáa. Ohun tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbádùn ẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti òtútù máa sọ iṣẹ́ tó kàn fún yín. Ọ̀pọ̀ tó pa á tì láàárín ọ̀nà, kì í ṣe pé wọn ò mọ abẹ́rẹ́ lò o, iṣẹ́ ọ̀sán ni wọ́n ń fi alẹ́ ṣe, ojú ń ta wọ́n, ọwọ́ ti gan, wọ́n bá ká gbogbo ẹ̀ sínú báàgì.

Fún ẹni tí ò tíì mọ̀ ọ́n: ẹ̀mbírọ́dà ni ká fi òwú aláwọ̀ ya òdòdó, ewé tàbí orúkọ sára aṣọ. Kúíltì ní tiẹ̀, aṣọ onípele mẹ́ta ni, ojú òkè tá a fi ègé aṣọ tò, bátìn (ìyẹn òwú rírọ̀ tó nípọn) láàárín, àti aṣọ ẹ̀yìn, a wá rán pele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ kí wọ́n má bàa yẹ̀.

## Ibi tẹ́ ẹ máa jókòó sí ló ṣáájú

Mo mọ̀ pé aṣọ àti òwú lẹ fẹ́ sáré lọ rà, ẹ ṣe sùúrù ná. Ní wíńtà ilẹ̀ máa ń tètè ṣú, bẹ́ẹ̀ sì ni iná inú ilé máa ń yí àwọ̀ padà lójú ẹni, búlúù tó ki á jọ dúdú, ìyeyè àti kírímù á di ọ̀kan náà, ilẹ̀ á wá mọ́ lẹ máa tó rí i pé òwú tẹ́ ẹ fi ṣe ewé yẹn kọ́ lẹ fẹ́ lò.

1. Ẹ gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tẹ́ ẹ bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún rán, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba apá òsì wọlé. Ẹni tó ń lo òsì, kó gba apá ọ̀tún. Òjìji ọwọ́ yín ò ní bọ́ sórí iṣẹ́.
2. Tó bá di alẹ́, ẹ lo lámpù tó ṣeé tẹ̀ lọ́rùn, kẹ́ ẹ fi gílóòbù tí wọ́n kọ "daylight" sí sínú ẹ̀. Nọ́ńbà tó máa wà lára páálí ẹ̀ ni 5000K sí 6500K.
3. Ẹ jẹ́ kí híítà jìnnà sí aṣọ àti bátìn tó mítà kan ó kéré tán. Bátìn kì í pẹ́ gbiná rárá, ẹ má gbé e sórí híítà kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ kó móoru.
4. Tí ìka bá ti gan, ẹ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ tó mú abẹ́rẹ́.
5. Atẹ́gùn inú ilé máa ń gbẹ gan-an ní wíńtà, awọ ọwọ́ á máa sán, òwú á sì máa há sí i. Ẹ fi ìpara sí i lálẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ sùn. Tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ tó jókòó síṣẹ́ lẹ fi í sí, ẹ dúró kó wọra, kẹ́ ẹ nu ìyókù kúrò, torí àmì òróró lára aṣọ funfun kì í fẹ́ lọ.
6. Ẹ ka abẹ́rẹ́ àti píìnì yín kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un kà tẹ́ ẹ bá ń dìde. Ilé tọ́mọdé bá wà, ẹ má fo èyí. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan máa bá yín wá èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń pín iṣẹ́ nìyí:

- Ọ̀sán: yíyan àwọ̀, yíya àwòrán, gígé aṣọ, ẹ̀mbírọ́dà tó ní àwọ̀ tó jọra wọn.
- Alẹ́: ẹ̀mbírọ́dà aláwọ̀ kan, rírán ègé pọ̀, kúíltì fọwọ́, àti ìgbátí (ìyẹn ìlà aṣọ tá a máa rán yí etí kúíltì ká).

## Ohun tẹ́ ẹ máa rà

Kúíltì tá a máa ṣe máa ní ègé 80, mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́wàá ní òòró. Ínǹṣì 5 la máa gé ègé kọ̀ọ̀kan, tá a bá rán an tán ínǹṣì 4 àtààbọ̀ ló máa kù, torí náà gbogbo ẹ̀ á jẹ́ ínǹṣì 36 ní 45 (bíi sẹ̀ǹtímítà 91 ní 114). Ẹ̀mbírọ́dà máa wà lára 12 nínú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ má lọ bẹ̀rẹ̀ èyí tó máa bo bẹ́ẹ̀dì. Mo ti rí ojú òkè kúíltì ńlá tí wọ́n rán parí tó wá wà nínú àpótí fọ́dún mélòó kan torí pé ẹrù ẹ̀ pọ̀ ju ẹni tó ń rán an lọ.

Aṣọ (kọ́tìnnì pọ́ńbélé, èyí tó fẹ̀ tó ínǹṣì 44):

- Aṣọ pẹlẹbẹ aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ fún ẹ̀mbírọ́dà: yáàdì ¾
- Aṣọ aláràbarà oríṣi méjì: yáàdì ¾ ¾
- Aṣọ ẹ̀yìn: yáàdì 1½
- Aṣọ ìgbátí: yáàdì ½
- Bátìn: ínǹṣì 40 ní 49

Irinṣẹ́:

- Férémù róbótó (igi tàbí rọ́bà) tó fẹ̀ tó ínǹṣì 6
- Abẹ́rẹ́ ẹ̀mbírọ́dà, nọ́ńbà 7 tàbí 8, àti abẹ́rẹ́ kúkúrú ti kúíltì, nọ́ńbà 8 tàbí 9. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i, ẹ rántí o
- Òwú ẹ̀mbírọ́dà oníka mẹ́fà (òwú tín-ín-rín mẹ́fà ló para pọ̀ di ọ̀kan), àwọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó
- Òwú rírán lásán, àti òwú kúíltì tó nípọn díẹ̀
- Síṣọ́ọ̀sì aṣọ (ẹ má fi gé ìwé láé) àti kékeré tó mú lẹ́nu fún òwú
- Rúlà, téèpù, píìnì, àti séfútì píìnì bí 80
- Ìbòrí ìka onírin fún ìka àárín
- Báírò aṣọ tó máa ń ṣí tómi bá kàn án
- Áyọ́ọ̀nù

Ní ti bátìn, oríṣi mẹ́ta lẹ máa rí jù. Ti kọ́tìnnì wúwo díẹ̀, ó máa ń sùn pẹlẹbẹ, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ á ká jọ díẹ̀, ojú kúíltì á wá rí bí èyí tó ti pẹ́. Ti pọlíẹ́sítà fúyẹ́, ó máa ń wú, ó sì tètè ń gbẹ. Ti irun àgùntàn ló móoru jù, abẹ́rẹ́ sì máa ń gba inú ẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́, òun lèmi yàn láàyò tó bá jẹ́ fọwọ́ ni, àmọ́ fífọ̀ ẹ̀ gba ìṣọ́ra. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá ẹ̀, wọ́n máa sọ bí ilà ìrán kan ṣe lè jìnnà sí èkejì tó kí bátìn náà má bàa dìjọ.

## Apá kìíní: ẹ̀mbírọ́dà

1. Ẹ fọ gbogbo aṣọ yẹn kọ́kọ́. Kọ́tìnnì máa ń sún kì, aṣọ pupa àtèyí tó ki sì lè ṣí àwọ̀ sára funfun. Ẹ fọ àwọn tó ki lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí omi ẹ̀ á fi mọ́. Tó bá gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́.

2. Ẹ gé aṣọ ẹ̀mbírọ́dà sí ínǹṣì 8 ní 8, ọ̀nà 12. Ẹ má tíì gé e sí 5 o! Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Férémù nílò àyè tó máa dì mú, etí aṣọ á máa tú bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e kiri, ẹ̀mbírọ́dà pàápàá sì máa ń fa aṣọ wọlé díẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣe òdòdó tán lẹ máa tó gé e kù sí 5.

3. Ẹ ya àwòrán. Ẹ lẹ ìwé tẹ́ ẹ ya nǹkan sí mọ́ gíláàsì fèrèsé ní ọ̀sán, ẹ gbé aṣọ lé e, ìmọ́lẹ̀ ìta á jẹ́ kẹ́ ẹ rí ilà, kẹ́ ẹ máa tọ̀ ọ́. Kí àwòrán má ju ínǹṣì 3 àtààbọ̀ lọ, kó lè jìnnà sí ibi tá a máa rán.

   *Ìkìlọ̀ lórí báírò:* oríṣi méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èyí tómi ń ṣí, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù kàn án kẹ́ ẹ tó fomi tútù ṣí i, torí ooru lè jẹ́ kí ilà náà wọ aṣọ pátápátá. Èyí tí ooru ń pa rẹ́ ní tiẹ̀, kò lọ ní tòótọ́, ó kàn ń fara pamọ́ ni, tí òtútù bá dé nǹkan bíi -10°C ilà ẹ̀ lè padà yọ. Mo ti gbé iṣẹ́ tí mo parí sínú mọ́tò mọ́jú lọ́jọ́ tí òtútù mú gan-an, nígbà tí mo mú un jáde láàárọ̀ gbogbo ilà tí mo ti rò pé ó ti parẹ́ ló wà níbẹ̀ kedere. Mo fomi ṣí i, mo fọṣẹ ṣí i, àpá ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn mi ò lò ó fún ohun tó máa hàn síta mọ́, ẹ̀yin tó ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ẹ má lò ó.

4. Ẹ fi aṣọ sí férémù. Ẹ fà á títí tó fi máa le bí awọ ìlù, tẹ́ ẹ bá fìka ta á kó dún. Ẹ fà á tẹ̀lé òwú aṣọ, lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má fà á ní igun, á wọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán lálẹ́, ẹ tú u kúrò, ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gún un sílẹ̀ mọ́jú, ó lè dípẹtà síbẹ̀.

5. Ẹ gé òwú. Sẹ̀ǹtímítà 45, ìyẹn láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́ yín. Èyí tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ á máa lọ́, á sì máa jẹra. Ìka mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀, méjì la máa lò. Ẹ má fa méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fa ẹyọ kan jáde lọ́wọ́ òkè, kí ìyókù ká jọ, ẹ nà án padà, ẹ tún fa ìkejì, kẹ́ ẹ wá dà wọ́n pọ̀. Á jókòó dáadáa lójú aṣọ.

6. Ẹ fi ojú abẹ́rẹ́ wọ̀nyí (ìyẹn oríṣi ọ̀nà tá a gbà ń rán òwú sójú aṣọ) bẹ̀rẹ̀:

   - *Àpadàsẹ́yìn*, fún ilà àti lẹ́tà: ẹ yọ abẹ́rẹ́ síwájú díẹ̀, kẹ́ ẹ wá padà sẹ́yìn wọ ihò tí ojú tó ṣáájú parí sí.
   - *Ṣéènì*, fún igi òdòdó àti ilà tó nípọn: ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ padà wọ ihò kan náà, ẹ má fà á tán, ẹ jẹ́ kó ṣe ojóbó, ẹ yọ síwájú láàárín ojóbó yẹn, ẹ rọra fà.
   - *Ìkún*, fún ewé àti ìpẹ́ òdòdó: ẹ máa to òwú síra wọn láti etí kan dé èkejì láìsí àlàfo. Kí òwú kan má gùn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, kúíltì la fẹ́ lò ó fún, a máa fọ̀ ọ́, òwú gígùn á máa há sí nǹkan.
   - *Kókó*, fún àárín òdòdó: ẹ yọ abẹ́rẹ́, ẹ wé òwú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ di òwú mú kó le, ẹ wá wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tẹ́ ẹ ti jáde. Tó bá jẹ́ ihò yẹn gan-an lẹ padà wọ̀, kókó á bá a wọlé lọ. Ó máa ń ṣòro lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ṣe bí ogún sórí èékù aṣọ kẹ́ ẹ tó ṣe é sórí ojúlówó.

7. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gé òwú, ẹ yí iṣẹ́ dé, ẹ ti abẹ́rẹ́ gba abẹ́ ojú mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá, kẹ́ ẹ gé e. Ẹ má ta kókó gbàgùdù, á wú lójú kúíltì. Ẹ má sì fa òwú tó ki láti ibì kan dé ibòmíì lẹ́yìn aṣọ tó ju ínǹṣì ààbọ̀ lọ, á hàn sójú.

8. Ẹ fi omi tútù ṣí àmì báírò, ẹ má fún un. Ẹ tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì tó nípọn, ẹ da ojú ẹ̀mbírọ́dà dé lórí ẹ̀, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ ojú ẹ̀ ní tààrà gbogbo òwú tó wú ló máa sùn.

9. Ẹ wá gé e kù sí ínǹṣì 5 báyìí, kí òdòdó wà láàárín gbungbun. Ínǹṣì 2 àtààbọ̀ láti àárín sí etí kọ̀ọ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó gé.

Mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan tó, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ máa ṣe é tán. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe mẹ́fà péré náà lè ṣe é, kẹ́ ẹ fi aṣọ pẹlẹbẹ rọ́pò ìyókù.

## Apá kejì: gígé, títò, rírán

Gígé. Ọ̀sán ni o. Ẹ gé aṣọ aláràbarà yẹn sí ìlà tó fẹ̀ tó ínǹṣì 5, ìlà kọ̀ọ̀kan á fún yín ní ègé mẹ́jọ. Ìlà márùn-ún márùn-ún lára aṣọ kọ̀ọ̀kan á fún yín ní 40, 34 péré lẹ nílò lára ẹ̀, àṣẹ́kù wà fún àṣìṣe. Tó bá jẹ́ ọ̀bẹ tó ń yí bíi táyà lẹ ń lò, ẹ máa tì í síwájú kúrò lára yín, ìka ò gbọ́dọ̀ yọ jáde létí rúlà, ẹ sì pa ẹnu ẹ̀ dé ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti gbé e sílẹ̀, kódà tó bá jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ò ní in, ẹ gé páálí sí ínǹṣì 5 gẹ́lẹ́, ẹ fi tọ ilà, ẹ fi síṣọ́ọ̀sì gé e.

Kí ègé máa tẹ̀lé òwú aṣọ. Tẹ́ ẹ bá gé e dàgẹ̀rẹ́, á máa fà, kò sì ní bá èkejì ẹ̀ dọ́gba mọ́.

Títò. Ẹ tò ó sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí ilẹ̀, ẹ fi ẹ̀mbírọ́dà síbi tó wù yín, àmọ́ ẹ má kó wọn jọ sójú kan. Ẹ wá fi fóònù ya á, kẹ́ ẹ sọ fọ́tò yẹn di dúdú-àti-funfun, ẹ máa rí i lójú ẹsẹ̀ bóyá apá kan ti ki jù. Ẹ kọ 1 dé 10 sórí ìwé pélébé, kẹ́ ẹ fi píìnì mú un mọ́ ègé àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan.

Rírán. Gbogbo ojú rírán gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí ní ínǹṣì ¼ (mìlímítà 6). Ẹ ṣe ìdánwò yìí kọ́kọ́: ẹ rán ègé mẹ́ta pọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wọn ti àárín. Tí kò bá jẹ́ ínǹṣì 4 àtààbọ̀ gẹ́lẹ́, ẹ tún un ṣe. Ó lè dà bíi pé mò ń le koko, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ínǹṣì ⅛ péré ṣì í ní ojú rírán kọ̀ọ̀kan, ìlà ègé mẹ́jọ á ti kúrú tó nǹkan bí ínǹṣì 1¾, tí ìlà tó tẹ̀ lé e bá sì tọ̀nà, wọn ò ní pàdé láéláé.

1. Ẹ da ojú kọ ojú, ẹ rán ègé mẹ́jọ ìlà kìíní pọ̀. Maṣíìnì: gígùn ojú abẹ́rẹ́ 2 sí 2.5. Ọwọ́: ẹ máa rán lọ, kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ojú mẹ́rin mẹ́rin kó lè le.
2. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé e lé e, ẹ gbé e kúrò, ẹ má wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀. Ojú rírán ìlà 1 kó kọjú sí òsì, ti ìlà 2 sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìlà 10.
3. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ rán ìlà sí ìlà, àwọn ojú rírán yẹn á wọnú ara wọn, ẹ máa fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ fi píìnì sí gbogbo oríta, ẹ yọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ maṣíìnì tó dé ibẹ̀.

## Apá kẹta: pele mẹ́ta

Ká sòótọ́, apá yìí ni mi ò fẹ́ràn, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Aṣọ ẹ̀yìn tó bá ká pọ̀ níbí, ẹ ò ní rí i títí dìgbà tẹ́ ẹ bá parí.

1. Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn sílẹ̀, kó dojú bolẹ̀. Kó fi ínǹṣì 2 ju ojú òkè lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ìyẹn 40 ní 49. Ẹ fi téèpù tó ń lẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń kun ògiri máa ń lò, lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó nà, kó má le.
2. Ẹ tẹ́ bátìn lé e, ẹ fọwọ́ tẹ́ ẹ láti àárín síta.
3. Ẹ tẹ́ ojú òkè lé gbogbo ẹ̀, ojú sókè.
4. Ẹ fi séfútì píìnì kan sí ègé kọ̀ọ̀kan, láti àárín lọ síta. Ẹ fi gbogbo ẹ̀ sí tán kẹ́ ẹ tó máa pa á dé, torí bẹ́ ẹ ṣe ń pa á ni aṣọ ń rìn. Lórí ègé ẹ̀mbírọ́dà, ẹ fi í sí igun, kó má gún òdòdó.
5. Ẹ tú téèpù, ẹ yí i dé, ẹ wo ẹ̀yìn. Ibi tó bá ká, ẹ yọ píìnì ibẹ̀, ẹ tún un ṣe. Mo mọ̀ pé á ti sú yín nígbà yẹn. Ẹ tún un ṣe.

Ilẹ̀ máa ń tutù ní wíńtà, ẹ fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, kó lo tábìlì ńlá, kó máa ṣe é lápá lápá.

Tẹ́ ò bá ní séfútì píìnì, ẹ fi òwú tákì ẹ̀ pẹ̀lú ojú gígùn gígùn, láti àárín lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ẹ̀gbẹ́.

## Apá kẹrin: kúíltì fọwọ́, iṣẹ́ àárín òtútù

Òun ni mo ṣe fi í sí àárín ìgbà tí òtútù bá mú jù, torí kúíltì yẹn á ti wà lórí itan yín bẹ́ ẹ ṣe ń rán an, á máa mú yín móoru. Kò sí iṣẹ́ alẹ́ tó dà bíi ẹ̀.

1. Ẹ fi férémù mú un tẹ́ ẹ bá fẹ́, àmọ́ ti ibí ò gbọ́dọ̀ le bí awọ ìlù bíi ti ẹ̀mbírọ́dà. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ díẹ̀, kí abẹ́rẹ́ lè máa lọ sókè sódò nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é le jù kò ní lè rán ju ojú kan lọ lẹ́ẹ̀kan.
2. Ẹ lo òwú kúíltì ẹlẹ́yọ kan, sẹ̀ǹtímítà 45, kókó kékeré ní ìdí.
3. Ẹ wọlé láti ojú òkè, ní ínǹṣì kan sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ gba inú bátìn nìkan, ẹ yọ síbi ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rọra ta òwú, kókó á dún "pọ́" wọlé, á sì fara pamọ́ sínú bátìn.
4. Ẹ fi ìbòrí ìka ti ìdí abẹ́rẹ́, kí ọwọ́ kejì wà nísàlẹ̀. Tí ìka ìsàlẹ̀ bá ti fura sí ẹnu abẹ́rẹ́, ẹ tì í padà sókè. Ẹ kó ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin sórí abẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tó fà á.
5. Ẹ máa tẹ̀ lé ínǹṣì ¼ sínú ojú rírán ègé kọ̀ọ̀kan, yíká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ègé àárín, ẹ máa lọ síta. Ẹ yí ẹ̀mbírọ́dà po, ẹ má rán kọjá lórí ẹ̀.
6. Tí òwú bá kù díẹ̀, ẹ ta kókó súnmọ́ aṣọ, ẹ gba inú bátìn, ẹ fà á kó wọlé, ẹ yọ síbòmíì, ẹ gé e.

Ẹ má jẹ́ kí ojú abẹ́rẹ́ kéékèèké tẹ́ ẹ rí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá kó ìbànújẹ́ bá yín. Ẹ jẹ́ kó dọ́gba ná, ìyẹn ló ń dùn wò. Kékeré á dé bọ́wọ́ bá ti mọ́ra.

Tọ́wọ́ ò bá gbà, ọ̀nà méjì míì ló wà:

- Maṣíìnì: ẹ rán an tààrà tẹ̀lé ojú rírán, gígùn ojú 3, pẹ̀lú ẹsẹ̀ maṣíìnì tó ń fa òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀. Ẹsẹ̀ lásán máa ń ti ojú òkè síwájú, á ká.
- Kókó títa: òwú tó nípọn, ẹ gún un gba pele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbogbo oríta, ẹ ta kókó tó le lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gé e kù sí ínǹṣì kan. Ọjọ́ méjì á ti parí. Ẹ kàn rí i pé ó wà láàárín ìjìnnà tí wọ́n kọ sára ọ̀rá bátìn.

Ní ti ojú àti ọwọ́: lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbójú sókè, ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ẹ dìde, ẹ na èjìká. Tí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ yín tàbí kó kú, iṣẹ́ ti tán lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

## Ìgbátí

1. Ẹ gé bátìn àti aṣọ ẹ̀yìn kó bá ojú òkè dọ́gba.
2. Ẹ gé ìlà márùn-ún tó fẹ̀ tó ínǹṣì 2½, ẹ rán wọn mọ́ra ní ìdàgẹ̀rẹ́ kó má bàa wú lójú kan. Ẹ ká a sí méjì ní òòró, ẹ tẹ̀ ẹ́.
3. Ẹ to etí rẹ̀ tó ṣí mọ́ etí kúíltì lójú òkè, ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárín ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ínǹṣì 8 sílẹ̀ láìrán, ẹ wá máa rán ní ínǹṣì ¼.
4. Tó bá ku ínǹṣì ¼ kẹ́ ẹ dé igun, ẹ dúró, ẹ gé òwú. Ẹ ká ìgbátí sókè kó dàgẹ̀rẹ́ ní igun, ẹ tún un ká wálẹ̀ kó bá ẹ̀gbẹ́ tó kàn dọ́gba, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí òkè. Bẹ́ẹ̀ ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.
5. Tẹ́ ẹ bá padà débi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ rán orí méjèèjì pọ̀, ẹ parí àlàfo yẹn.
6. Ẹ yí i sẹ́yìn, kẹ́ ẹ fọwọ́ rán an pẹ̀lú ojú tí ò hàn.

## Àwọn ìbéèrè tó ṣẹ́kù

Òwú mi ń lọ́ ṣáá. Ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ rọ̀ sílẹ̀ láti ara iṣẹ́, á yí ara ẹ̀ tú.

Ẹ̀mbírọ́dà mi hunjọ. Ẹ ń fa òwú jù ni, tàbí férémù ti dẹ̀. Ẹ máa tún un fún bẹ́ ẹ ṣe ń lọ.

Ẹ̀jẹ̀ kán sí i. Omi tútù lójú ẹsẹ̀, ẹ má lo omi gbígbóná rárá.

Ọ̀sẹ̀ mélòó ni gbogbo ẹ̀? Méjìlá tó: ọ̀kan fún fífọ̀ àti yíya, mẹ́rin fún ẹ̀mbírọ́dà, méjì fún gígé àti rírán, ọ̀kan fún pele mẹ́ta, mẹ́ta fún kúíltì, ọ̀kan fún ìgbátí. Tó bá ku apá kan, ẹ ká a, ẹ fi ìwé pélébé sínú ẹ̀ tó sọ ibi tẹ́ ẹ dé àti nọ́ńbà òwú tẹ́ ẹ ń lò.

Báwo ni mo ṣe máa fọ̀ ọ́? Omi tútù, ọṣẹ tí ò le, ẹ má fún un. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì ká a kó fa omi. Ẹ má gbé e kọ́ nígbà tó ṣì kún fómi, ẹrù omi á máa fa òwú já. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ, nínú yàrá tó móoru, jìnnà sí híítà, ẹ yí i padà lọ́jọ́ kejì. Ó lè tó ọjọ́ méjì kó tó gbẹ dé inú bátìn, ẹ fọwọ́ tẹ àárín ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó ká a.